Àwa Ọmọ Okota àti Iná Kérésìmesì

Àwa tí a ṣe èwe wa ní Okota, ní Ìsọlọ̀, ní Ìlasamàjà àti ní Èjìgbò, ní Èkó, láàrin 1980 sí 2000, a mọ iyì iná, nítorí pé a mọ òkùnkùn. Abẹ́là àti làǹtánì la fi kàwé ìdánwò. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹni tó ń ti ibùdókọ̀ Sẹ́lẹ́ bọ̀ wọ Ago Palace Way ń fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà ni. Ṣùgbọ́n bí iná bá dé lójijì, ariwo kan náà ni gbogbo ojúlé ń pa: "Up NẸ́PÀ!" Ọmọ láńlọ́ọ̀dù pa á, ọmọ ayálégbé pa á, ọmọ Yorùbá pa á, ọmọ Ígbò pa á. Iná kò tó, àmọ́ ayọ̀ rẹ̀ kárí, torí pé gbogbo wa la ń yọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìdí nìyẹn tí iná Kérésìmesì fi wọ̀ wá lára tó bẹ́ẹ̀. Òun ni iná àkọ́kọ́ tí a rí tí kò níṣẹ́ méjì ju kó dùn ún wò lọ. A kì í fi kàwé, a kì í fi wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀, a kì í fi dáná. Ẹni tó bá ń kọjá lọ kàn ń wò ó, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ìran wa jẹ ìgbádùn yìí lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú wa. Ó ti wá kàn wá láti fi í fún àwọn ọmọ wa, pàápàá ní Okota fúnra rẹ̀, kó má jẹ́ pé Victoria Island nìkan la ó máa kó wọn lọ wò ó.

Nígbà náà, ilé kan tàbí méjì ló máa ń ní iná Kérésìmesì lójú òpópónà. Tí oṣù Kejìlá bá ti ń dé àárín, bàbá tó ni ín á fa páálí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á tú okùn iná tó ti lọ́ mọ́ra láti èṣí, á sì ta á yípo irin bàkónì. Balógun tàbí Ìdúmọ̀tà ni wọ́n ti rà á, àwọn mìíràn rà á ní Alábà. Ó ní èyí tó ń ṣẹ́jú, ó ní èyí tó ń sáré láti ìbẹ̀rẹ̀ okùn dé ìparí. Èyí tó wọ́n jù ní àpótí kékeré kan tó ń kọ orin Kérésìmesì láìsinmi, orin kan náà láti ìrọ̀lẹ́ títí tí a ó fi sùn, kò sì sú wa.

Àwọn gílóòbù ìgbà yẹn gbára lé ara wọn ni. Iná gbọ́dọ̀ gba inú èyí àkọ́kọ́ kọjá kó tó dé èkejì. Ogún gílóòbù oní-vólítì 12 ni wọ́n sábà máa ń so tẹ̀léra kí wọ́n lè gba vólítì 240 tó ń wọlé. Bí ọ̀kan péré bá jó, gbogbo okùn náà kú nìyẹn. Àwa ọmọdé ni wọ́n ń pè nígbà náà, torí ìka wa kéré. A ó mú gílóòbù kan tó dá wa lójú, a ó máa fi dán ihò kọ̀ọ̀kan wò, a ó yọ ọ́, a ó tún tì í bọ òmíràn, títí gbogbo okùn yóò fi tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo tí a ń pa lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ kò kéré sí ti "Up NẸ́PÀ". Àwọn kan nínú wa tó di oníná tàbí ẹnjiníà lónìí, ìdí okùn iná Kérésìmesì ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ bí iná ṣe ń rìn.

Ẹni tó bá mọ Okota mọ̀ pé àwọn ará wa láti ilẹ̀ Ígbò pọ̀ níbẹ̀. Bí Kérésìmesì bá ku ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á ti máa di ẹrù, wọ́n á gba Sẹ́lẹ́ tàbí Maza-Maza wọkọ̀ lọ sílé. Àdúgbò á dákẹ́, ọ̀yẹ́ á máa fẹ́, àwa tí a kù á sì súnmọ́ra. Tẹ́nikẹ́ni bá wá tan iná ní bàkónì rẹ̀, gbogbo wa la ni ín. Ní àwọn òpópónà kan, ilé Àlàájì gan-an ni okùn iná náà máa ń wà. Àwọn ọmọ ayálégbé rẹ̀ ló fẹ́ ẹ, ó sì fún wọn láyè, kò sí ẹni tó bi í pé kí ló kàn án. Ìrẹsì Kérésìmesì lọ sí ilé àwọn Mùsùlùmí nínú abọ́ tí wọ́n fi abọ́ mìíràn dé, ẹran Iléyá náà sì wá sí ilé àwọn onígbàgbọ́ nígbà tí tiwọn dé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ò fa ìjà láàárín wa. Ojú kan náà la fi ń wo iná.

Lẹ́yìn ti bàkónì àdúgbò ni ìrìn àjò ńlá, ìyẹn lílọ wo iná nígboro. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa ló mọ Kingsway tó wà ní Marina dáadáa, ilé ìtajà UAC níbi tí Bàbá Kérésìmesì ti ń dúró de àwọn ọmọdé. Nígbà tí àwa ń dàgbà, ògo Kingsway ti ń wọ̀ọ̀kùn, ṣùgbọ́n ọ̀nà Marina kò yí padà. Mọ́lùé láti Òṣòdì lọ sí CMS la máa ń wọ̀, tàbí kí bàbá ọ̀rẹ́ ẹni tó lọ́kọ̀ kó gbogbo ọmọ àdúgbò tó bá gba inú ọkọ̀ náà. Bí ọkọ̀ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá Èkó níbi Apọ́ngbọ̀n, olúkúlùkù á fà mọ́ fèrèsé. Ilé gíga NET tí wọ́n kọ́ parí ní 1979, alájà 32, dúró níbẹ̀ pẹ̀lú iná orí rẹ̀ tó ń ṣọ̀nà fún ọkọ̀ ojú omi. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni Kàtídírà ti Krístì wà, ilé Ọlọ́run tí ọmọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1925 tí wọ́n sì kọ́ parí ní 1946. Orin kárọ́ọ̀lù ibẹ̀ àti ìmọ́lẹ̀ tó ń tú jáde lójú fèrèsé aláràbarà rẹ̀ wà lára ohun tí àwọn òbí wa fẹ́ kí a rí.

Nígbà tí afárá Third Mainland parí ní 1990, ó fi ìran mìíràn kún ìwòran wa. Afárá náà gùn tó kìlómítà 11.8. Ẹni tó bá gbà á lálẹ́ ń rí òdìkejì ọ̀sà láti òkèèrè, ilé lórí ilé, iná lórí iná, títí ọkọ̀ yóò fi gúnlẹ̀ sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwa tó jẹ́ pé òkùnkùn la fi sílẹ̀ nílé, a ń wò ó láìsọ̀rọ̀.

Ìgbà tí a di ọ̀dọ́ ni àwọn báǹkì gba iṣẹ́ fífi iná Kérésìmesì ṣe ìgboro lọ́ṣọ̀ọ́ lọ́wọ́ ilé ìtajà. Lẹ́yìn tí Báǹkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí báǹkì kọ̀ọ̀kan ní owó ìpìlẹ̀ bílíọ̀nù 25 náírà, àwọn báǹkì 89 ti di 25 nígbà tí 2005 fi parí. Àwọn tó kù lówó lọ́wọ́, wọ́n sì fẹ́ kí aráyé rí wọn. Òpópónà Ajọṣe Adéògún ní Victoria Island, níbi tí olú ilé-iṣẹ́ Zenith Bank wà, ni wọ́n ti wá sọ ọ́ di àṣà ọdọọdún. Láti ráńdábáòtù tó wà lẹ́bàá Eko Hotel, wọ́n á fi iná wé igi láti gbòǹgbò dé ẹ̀ka, wọ́n á gbé ère ńláńlá tí wọ́n fi iná ṣe sí àárín ọ̀nà, gbogbo òpópónà á sì mọ́ kedere. Ẹni tó ti Ìkòròdú wá, ẹni tó ti Òkokomáíkò wá, ẹni tó ti Okota wá, gbogbo wọn ń rìn lójú ọ̀nà kan náà. Àwọn ayàwòrán ń pè wọ́n, àwọn tó ń ta fìlà tó ń ṣẹ́jú ń polówó, ọmọdé wà léjìká bàbá wọn. Kò sẹ́ni tó ń gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ohun tí mo gbóríyìn fún jù nínú rẹ̀ nìyẹn: olówó tàn án, mẹ̀kúnnù wò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìran wa kò lè sọ̀rọ̀ iná kó má rántí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù Kìíní 2002, ilé tí àwọn ológun ń kó ohun ìjà sí ní bárékè Ìkẹjà gbiná. Ojú ọ̀run pọ́n, ilẹ̀ mì, fèrèsé fọ́ káàkiri. Àwọn ènìyàn sá láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ, púpọ̀ nínú wọn sì kó sínú kánáàlì Òkè-Afá nínú òkùnkùn, nítòsí wa níbí. Ẹ̀mí tó bọ́ lọ́jọ́ náà lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. A mọ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí kò padà wálé. Láti ìgbà náà ni báńgà àti nọ́káòtù tí wọ́n ń yìn nígbà ọdún kò ti dùn mọ́ wa nínú bíi ti tẹ́lẹ̀. Bó bá dún lóṣù Kejìlá, àyà ìyá ń já, ọwọ́ rẹ̀ ń wá ọmọ. Ní 26 oṣù Kejìlá 2012 pàápàá, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ilé tí wọ́n kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí ní Jánkárà ní Ìsàlẹ̀ Èkó bú gbàmù, ó pa ènìyàn, ó sì ṣe ọ̀pọ̀ léṣe. Ìdí rèé tí mo fi gbà pé iná tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ tó ń tàn ni ọdún yẹ. Ó ń fún ọmọdé láyọ̀ láìdá ẹ̀rù ba ẹnikẹ́ni.

Àṣà iná Kérésìmesì yìí kò sì pẹ́ láyé tó bí a ti rò. Edward Johnson, ẹni tó ń bá Thomas Edison ṣiṣẹ́ ní New York, ló kọ́kọ́ fi iná mànàmáná ṣe igi Kérésìmesì lọ́ṣọ̀ọ́ ní 1882. Gílóòbù 80 ló fi sí i, pupa, funfun àti búlúù. Kò ju ọdún 14 lọ lẹ́yìn náà tí iná mànàmáná fi dé Èkó ní 1896. Ní London, 1954 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iná Kérésìmesì ní Regent Street, Oxford Street tẹ̀lé e ní 1959, àwọn oníṣòwò òpópónà náà ló sì parapọ̀ ṣe é kí ènìyàn lè wá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ń gbé ní Peckham ń fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa lọ́dọọdún. Nígbà tí wọ́n bá sì wálé lóṣù Kejìlá, Ajọṣe Adéògún ni wọ́n kọ́kọ́ ń ní kí a mú àwọn ọmọ wọn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹni tó wà ní Okota ṣe lè rí ìran náà dáadáa lálẹ́ kan ṣoṣo. Alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ ló dára jù. Alẹ́ Kérésìmesì gan-an àti alẹ́ ọjọ́ kejì rẹ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè jẹ gbogbo àsìkò yín tán lójú ọ̀nà. Ẹ gba Sẹ́lẹ́ bọ́ sí Ìjẹ̀ṣà, kí ẹ gba Ìtìrẹ́ àti Ojúẹlẹ́gba dé afárá Èkó, kí ẹ sọ̀ sí Marina. Ẹ tẹ̀síwájú ní Ahmadu Bello Way wọ Victoria Island. Ẹ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó dé Ajọṣe Adéògún, kí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín, torí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kò lè rí orí igi. Ẹ di ọwọ́ ọmọ mú, kí ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sínú àpò rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀, ẹ gba afárá Lekki sí Ìkòyí, èyí tí wọ́n ṣí ní 29 oṣù Karùn-ún 2013. Òpó rẹ̀ àti àwọn okùn irin rẹ̀ máa ń tàn lálẹ́, ó sì gùn tó kìlómítà 1.36. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gun Third Mainland, kí ẹ gba Gbàgádà àti Òṣòdì padà sílé. Ẹni tí Island bá jìnnà sí lè lọ sí Ikeja City Mall ní Aláúsá, tó wà níbẹ̀ láti 2011, tàbí Maryland Mall. Wọ́n máa ń gbé igi Kérésìmesì ńlá kalẹ̀ níbẹ̀.

Ìrìn yẹn dára, mo sì fẹ́ kí gbogbo ọmọ Okota rìn ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá padà dé Sẹ́lẹ́, kí la ń bá? Ìmọ́lẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ wà lójú Ago Palace Way, àmọ́ bí a bá ti yà sí àwọn òpópónà inú, òkùnkùn ni. Kì í sì í ṣe torí pé a kò ní iná mọ́. Sólà wà lórí òrùlé púpọ̀, bátìrì wà nínú ilé. Láti ìgbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ní 29 oṣù Karùn-ún 2023, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbé jẹnẹrétọ̀ tì. Ní oṣù Kẹrin 2024, wọ́n sọ yúníìtì iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná ń dé ọ̀dọ̀ wọn jù, di 225 náírà. Láti ìgbà náà, onílé tó lè ra sólà ń rà á. Ilé kọ̀ọ̀kan ti ń bọ́ ara rẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó ní ohun tí ó mú lọ. Ní ọ̀pọ̀ òpópónà wa, ẹ kò lè gbọ́ "Up NẸ́PÀ" mọ́, torí iná kì í dé sílé gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Fẹ́ńsì ti ga, géètì ti nípọn, ìmọ́lẹ̀ wa sì ń tàn sínú. Ọmọ tó ń kọjá lójú ọ̀nà kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Èmi kò fẹ́ kí òkùnkùn padà wá kí a lè tún pariwo pọ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni kí àwọn ọmọ wa ní ayọ̀ kan tí wọ́n jọ ń yọ̀ lójú òpópónà tiwọn, bí àwa ti ní i.

Ìjọba nìkan kọ́ ni kí a máa wò. A ti rí i pé ó ṣeé ṣe kí ọdún kúrò ní Island: ní ìparí 2015, Ambode, tó jẹ́ gómìnà Èkó nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ àríyá One Lagos Fiesta ní ẹkùn márààrún ìpínlẹ̀ náà, Ìkẹjà, Badagry, Ìkòròdú, Ìsàlẹ̀ Èkó àti Ẹ̀pẹ́, èrò sì wọ́ lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ìjọba bá bẹ̀rẹ̀, ìjọba mìíràn lè fi sílẹ̀. Ohun tí àdúgbò bá bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń pẹ́.

Owó títan iná Kérésìmesì ní àdúgbò kò sì pọ̀. Iná LED ti yí ohun gbogbo padà. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta tí wọ́n rí ọ̀nà ṣe LED tó ń mú ìmọ́lẹ̀ búlúù jáde, Akasaki, Amano àti Nakamura, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014, torí iṣẹ́ wọn ló jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ funfun olówó pọ́ọ́kú dé ilé gbogbo ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Okùn LED oníwáàtì 10, tí a bá tàn án fún wákàtí márùn-ún lálaalẹ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, yúníìtì kan ààbọ̀ ló máa jẹ. Kódà ní 225 náírà tí yúníìtì kan jẹ́ ní oṣù Kẹrin 2024, kò pé 340 náírà fún gbogbo oṣù náà. Owó yẹn kò lè gbé ènìyàn kan dé Victoria Island láti Okota.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwa tí a ti di láńlọ́ọ̀dù àti ìyá ilé báyìí, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn onílé àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò bá ṣèpàdé oṣù Kọkànlá, ẹ gbé e kalẹ̀. Kí ilé kọ̀ọ̀kan so okùn iná kan, kí ó sì so ó sí ìta fẹ́ńsì, síbi tí ẹni tó ń kọjá ti lè rí i. Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún ìta, tí omi kò lè bà jẹ́. Ẹ má ṣe kó okùn púpọ̀ jọ sójú ihò iná kan, ẹ jẹ́ kí oníná tó mọṣẹ́ so èyí tó bá dábùú ọ̀nà, kí ẹ sì pa á kí ẹ tó sùn. Ilé tó ní sólà lè bá ilé tí kò ní tan tirẹ̀. Ẹ ké sí àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Mùsùlùmí bí wọ́n ti ń ké sí wa nígbà Iléyá. Ẹ jẹ́ kí àwọn ará wa tó ń lọ sí ìlà-oòrùn so tiwọn kí wọ́n tó wọkọ̀, kí ilé wọn má bàa ṣókùnkùn láàárín tiwa.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òpópónà kan ní Okota tó bá ṣe é lọ́dún yìí, èkejì á tẹ̀lé e lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojúlé tiyín.